Wáyà Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Ba Orúkọ Jímọ́ọ̀ Jẹ́

Bí ẹ bá wọ àdúgbò wa n'Íkòsí tí ẹ béèrè ilé oníkọ́ìlì, ẹni tí ẹ bá kọ́kọ́ pàdé ni yóò júwe rẹ̀ fún yín. Orúkọ mi, Rùfáì Ọláníyan, ló wà lára pátákó iwájú ilé, ṣùgbọ́n tí àwọn oníbàárà bá wọlé, Jímọ́ọ̀ ni wọ́n ń béèrè. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Jímọ́ọ̀ dà?" Èmi tí mo ra irinṣẹ́, èmi tí mo ni ilẹ̀, mo wá di adènà fún ọmọṣẹ́ mi. Ó máa ń bí mi nínú tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ojú mi kò rí wáyà tín-ín-rín dáadáa mọ́ ni mo tó gba kámú.

Fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa, pọ́ǹpù tó ń fa omi sínú táǹkì yín ní mọ́tò nínú, mọ́tò náà sì ní wáyà kópà tí wọ́n wé sínú rẹ̀, òun là ń pè ní kọ́ìlì. Tó bá jóná, àwa là ń tú u, tí a óò ka iye ìgbà tí wáyà náà yí po, tí a óò sì fi tuntun wé e ní iye kan náà. Inú ni Jímọ́ọ̀ ti máa ń kà á. Bí o bá bá a sọ̀rọ̀ lásìkò yẹn, kò ní dá ọ lóhùn, yóò kàn wò ọ́ bíi pé o ti jẹ ẹ́ ní gbèsè, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Ọmọ bíbí Ìkòsí ni. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó ni ilẹ̀ níbí nígbà kan, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ta ilẹ̀ títí kò fi ku ibi tí wọn yóò sin ín sí. Ọmọ ogún ọdún ni Jímọ́ọ̀ nígbà tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ́dọ̀ mi báyìí. Ó fẹ́yàwó, ìyàwó kú, kò fẹ́ òmíràn. Yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn ilé mi lọ́hùn-ún, ló ń gbé. Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mi ò rántí ọjọ́ kan tí mo ní kó ṣe nǹkan tó ní òun kò ṣe, mi ò sì rántí ọjọ́ kan tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ó mọ̀.

Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan wọ ṣọ́ọ̀bù, ó jí kópà ìdì kan. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún wá kó ìdì kejì. Hidayat ọmọ mi ní kí á ra kámẹ́rà. Ọ́fíìsì ẹ̀sítéètì kan ní Magodo ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tó jẹ́ pé kámẹ́rà tó wà níbẹ̀ ju èèyàn lọ, ó sì ti gbà pé kò sí ilé tó lè dúró láìní in. Mo ní ó dáa. Ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Anthony, Olúwadàmọ́lá lorúkọ rẹ̀, ọmọ tó ní sùúrù tó sì ń fọwọ́ wọn nǹkan kó tó sọ̀rọ̀.

Olúwadàmọ́lá wọn ilẹ̀ láti pálọ̀ dé ògiri ṣọ́ọ̀bù. Igba ẹsẹ̀ bàtà. Ilẹ̀ wa ò fẹ̀, ṣùgbọ́n ó gùn. Ó béèrè bóyá iná máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà gbogbo, mo ní rárá o, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mò ń pa gbogbo iná ibẹ̀ láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi kan ti jóná ní Kétu. Ó ní a jẹ́ pé láti pálọ̀ ni iná kámẹ́rà yóò ti máa bọ̀, lára ínfátà tó ń gbé iná ilé ró nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Adápítà kékeré kan yóò wà níbẹ̀ tí yóò sọ iná ilé di fóltì méjìlá, wáyà yóò sì gbé méjìlá náà lọ bá kámẹ́rà. Ó ní òun yóò lọ ra wáyà tó nípọn.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Wáyà wo lo tún fẹ́ rà nílé oníwáyà?"

Mo wọ abẹ́ tábìlì, mo fa àpò kan jáde. Wáyà tẹlifóònù ni, ti ìgbà tí ọ́fíìsì kan tú àwọn tẹlifóònù wọn dànù, tí mo kó o wálé nítorí mi ò lè rí kópà kí n fi sílẹ̀. Ó já sí mẹ́rin, mo fi ọwọ́ ara mi jó wọn pọ̀ mọ́ra. Ó dán, ó sì lẹ́wà.

Olúwadàmọ́lá fi ìka méjì rọ́ ọ wò. "Daddy, ó fẹ́ẹ́ tín-ín-rín o. Ọ̀nà yẹn jìn."

Mo ní, "Kí bàbá rẹ tó mọ ìyá rẹ ni mo ti ń fọwọ́ kan wáyà."

Ọmọ náà gun àkàsọ̀. Èmi náà ni mo júwe ibi tí kámẹ́rà yóò wà, lókè ìṣó kan lára ògiri, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi. Nígbà tó tan án, àwòrán jáde lórí fóònù Hidayat, ó mọ́lẹ̀ kedere. Mo rí igun ṣọ́ọ̀bù mi, mo rí bẹ́ǹṣì, mo rí Jímọ́ọ̀ tó ń wojú kámẹ́rà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Inú mi dùn sí ara mi lọ́jọ́ náà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ Alámìsì, Hidayat pè mí sí kọ̀rọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ojú rẹ̀ le. Ó ní, "Daddy, ẹ wo nǹkan yìí, ẹ má sọ̀rọ̀."

Àwòrán ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ló fi hàn mí. Ní ti àkọ́kọ́, ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n ti fẹ́ máa pe ìrun mágàríbì. Jímọ́ọ̀ gbé bútà dání, ó ń bọ̀ wá ṣe àlùwàlá níbi ẹ̀rọ omi. Ó dé abẹ́ kámẹ́rà, ó ṣí fìlà, ó gbé ọwọ́ sókè, àwòrán sì kú. Dúdú ni gbogbo rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ló rí ní ọjọ́ kẹta. Ọwọ́ á lọ sókè, kámẹ́rà á kú.

Mo mọ̀ pé ìṣó yẹn ni Jímọ́ọ̀ máa ń gbé fìlà kọ́. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti jí kópà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kì í fẹ́ rántí nǹkan tó mọ̀. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kò sí ẹlòmíràn tó mọ ibi tí mò ń kó kópà sí. Karimot ìyàwó mi ní, "Jímọ́ọ̀ kò lè ṣe é," mo sì ní kó fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Mo lọ bá Jímọ́ọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo na fóònù sí i. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó ní, "Ọ̀gá, fìlà mi ni mò ń gbé kọ́."

"Kí ló dé tó jẹ́ pé bí ọwọ́ rẹ bá ṣe débẹ̀ ló ń kú? Ọjọ́ mẹ́ta, Jímọ́ọ̀."

"Mi ò mọ̀, Ọ̀gá."

Tó bá ti bínú ni, tó bá ti pariwo, bóyá ìbá ti dín ohun tó wà lọ́kàn mi kù. Ó kàn dúró. Mo ní kó lọ sinmi níbìkan ná títí n óò fi rí ìdí ọ̀rọ̀. Ó parí kọ́ìlì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó so ó, ó gbálẹ̀, ó sì lọ sọ́dọ̀ Àrìnkẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ní Owódé Onírin. Hidayat béèrè bóyá kí òun fi àwòrán náà sórí Wáàsáàpù ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò kí olúkúlùkù lè ṣọ́ra. Mo ní kó fi sí i. Kí oòrùn tó kàn tàrí, Alhaji Fàtáì, alága wa, ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó tú àṣírí ọmọ ilé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, Hidayat ń bọ̀ láti Magodo, ó ṣí fóònù wò. Ògiri wà níbẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ilẹ̀ ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Àwòrán sì kú.

Kò sọ fún mi. Ó ní òun sọ fún ara òun pé bóyá Jímọ́ọ̀ ti yọ́ wọlé padà, pé bóyá ó ti bá wáyà ṣe nǹkan kó tó lọ. Ó pa á mọ́ra títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ yẹn ó jókòó síwájú fóònù láti aago mẹ́fà, kò gbójú kúrò. Ògiri òfìfo, ilẹ̀ ń ṣú, àwòrán kú. Ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, ó ní, "Daddy, kì í ṣe Uncle Jímọ́ọ̀. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ lánàá náà. Ẹ̀rù bà mí ni mi ò ṣe sọ."

Mi ò lè bá a wí. Ẹnu wo ni n óò fi bá a wí?

Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo gbé mítà tí mo fi ń wọn iná. Mo kọ́kọ́ wọn ọ́n ní pálọ̀, níbi tí iná ti ń jáde lára adápítà: méjìlá géérégé. Mo gun àkàsọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo wọn ọ́n níbi tó ti ń wọ kámẹ́rà: mẹ́wàá àti díẹ̀. Fóltì kan àbọ̀ ti bá ọ̀nà lọ, ojúmọmọ sì ni, nígbà tí kámẹ́rà kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan.

Nǹkan kan wà lára kámẹ́rà náà tí mo rí lára páálí rẹ̀ lọ́jọ́ tí a rà á, tí mi ò kà sí. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ó ní àwọn iná wẹ́wẹ́ tó máa ń tàn fúnra wọn láti fi ríran nínú òkùnkùn. Mo ké sí Hidayat nísàlẹ̀ pé kó máa wo fóònù. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kámẹ́rà náà, kó lè rò pé ilẹ̀ ti ṣú. Àwọn iná wẹ́wẹ́ tàn pupa lábẹ́ ọwọ́ mi. Nọ́ńbà orí mítà sáré wálẹ̀, ó kọjá mẹ́sàn-án, ó kọjá mẹ́jọ.

Hidayat ní, "Ó ti kú, Daddy."

Mo jókòó sórí àkàsọ̀ níbẹ̀. Ẹ ti rí ilé tí páìpù rẹ̀ tín-ín-rín tó sì gùn. Tí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ omi kan, omi á máa dà. Tí ẹ bá ṣí èkejì pẹ̀lú rẹ̀, méjèèjì á máa kán tóótó. Wáyà mi nìyẹn. Ní ọ̀sán, kámẹ́rà ń mu díẹ̀, ó ń tó o. Ní ìrọ̀lẹ́ tí iná wẹ́wẹ́ bá tàn, ó fẹ́ mu púpọ̀, wáyà tẹlifóònù kò lè gbé e dé ọ̀hún, ó sì ń dákú. Àsìkò tí ilẹ̀ ń ṣú ni àsìkò mágàríbì, ọwọ́ tó ń gbé fìlà kọ́ sì ń bo ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó kù. Jímọ́ọ̀ kò ṣe ju pé ó jẹ́ ẹni tó ń kírun lásìkò.

Èmi tí mo ti lé ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ wáyà, tí mò ń sọ fún àwọn èèyàn pé wáyà tín-ín-rín ló ń pa mọ́tò, èmi ni mo so wáyà tín-ín-rín mọ́ ilé ara mi, tí mo wá lé ọmọlúàbí jáde nítorí rẹ̀. Ojú tì mí débi pé ara mi gbóná. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, ìdùnnú ló kọ́kọ́ dé. Ó bò mí mọ́lẹ̀. Jímọ́ọ̀ kì í ṣe olè. Mo sọ ọ́ sókè lórí àkàsọ̀ níbẹ̀, Karimot sì dáhùn láti ilé ìdáná pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀.

Kí n tètè parí ọ̀rọ̀ wáyà náà. Ọjọ́ kejì ni Olúwadàmọ́lá padà wá pẹ̀lú wáyà tó nípọn. Kò gbé fóltì méjìlá rìn mọ́. Ó fa iná ilé lódindi láti ara ínfátà dé ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé adápítà sínú àpótí kékeré tí òjò kò lè wọ̀, lábẹ́ kámẹ́rà gan-an. Iná ilé lágbára, igba ẹsẹ̀ bàtà kò jọ ọ́ lójú, ibi tí a ti nílò méjìlá ló ti wá ń di méjìlá. Ọmọ náà kò sọ pé òun ti sọ fún mi. Ó kàn ń húkọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kámẹ́rà kò kú mọ́ láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò sì jí nǹkan kan mọ́. Ẹni tó kó ìdì méjì àkọ́kọ́, a ò mọ̀ ọ́n títí dòní.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé náà, mi ò dúró de wáyà kankan. Mi ò jẹun àárọ̀. Mo ní kí Hidayat gbé ọkọ̀, ó di Owódé Onírin.

Àrìnkẹ́ ló ṣílẹ̀kùn. Ó kí mi bí ó ti yẹ, ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kí á jókòó. Jímọ́ọ̀ jáde láti inú yàrá, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú láàárín ọjọ́ méjì. Àrìnkẹ́ ní láti ọjọ́ tó ti dé, omi nìkan ló ń mu. Ó ní lánàá ó lọ bẹ ọ̀gá oníkọ́ìlì kan lójú ọ̀nà fún iṣẹ́, ọkùnrin náà sì yọ fóònù, ó fi àwòrán hàn án, ó ní, "Ṣé kì í ṣe ìwọ rèé?" Àwòrán tí a fi sí Ìkòsí ti dé Owódé ṣáájú wa.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Jímọ́ọ̀. Mo sọ ti mítà, mo sọ ti iná wẹ́wẹ́. Ó tẹ́tí, ó sì tẹrí ba.

Ó ní, "Wáyà wo lẹ lò, Ọ̀gá?"

"Ti inú àpò abẹ́ tábìlì."

"Ti tẹlifóònù?" Ó gbójú sókè. "Láti pálọ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rí i lẹ́bàá ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jáde. Mo ní, "Jímọ́ọ̀, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo mọ̀ ọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mo sì gba fóònù gbọ́ jù ọ́ lọ. Jọ̀ọ́, dárí jì mí, jẹ́ ká lọ sílé."

Hidayat ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Jímọ́ọ̀ ní kó dìde.

Ó ní, "Ọ̀gá, èmi ti gbà. Àwọn tẹ́ ẹ fi hàn ńkọ́?"

Mo na ọwọ́, Hidayat gbé fóònù fún mi. Mi ò mọ̀ ọ́n kọ, ó ní kí n máa sọ ọ́ lẹ́nu, òun yóò fi ohùn mi ránṣẹ́ sórí Wáàsáàpù àdúgbò. Mo sọ orúkọ mi àti ti bàbá mi. Mo ní Jímọ́ọ̀ kò fọwọ́ kan kámẹ́rà, pé wáyà burúkú tí èmi fúnra mi fà ló ń pa á, pé olórí kunkun ni mí, wọ́n kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́. Mo ní ẹni tó bá ti fi àwòrán yẹn ránṣẹ́ síbì kankan, kó fi ohùn mi tẹ̀lé e dé ibẹ̀. Àrìnkẹ́ ní kí Hidayat tẹ̀ ẹ́ fún òun. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ní kó tún un tẹ̀, ó sì lọ pe obìnrin tó ń gbé yàrá kejì, kí ìyẹn náà wá gbọ́. Lẹ́yìn náà ló tó gbé àga wá fún mi. Ó bu ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà fún Jímọ́ọ̀, ó sì dúró tì í títí ó fi mu ún tán.

Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ dá wa dúró lọ́nà, ó ti lé ní aago mẹ́rin nígbà tí a wọ Ìkòsí. Nígbà tí a dé ẹnu àdúgbò wa, Jímọ́ọ̀ fọwọ́ kan èjìká Hidayat láti ẹ̀yìn. Ó ní, "Aunty Hidayat, ẹ dúró níbí. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn wọlé."

Mo ní, "Ilé ṣì jìn díẹ̀, Jímọ́ọ̀."

Ó ní, "Mo mọ̀, sà. Ojúmọmọ ni mo fẹ́ gbà á kọjá, níṣojú wọn."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Èmi náà sọ̀ kalẹ̀. Ó fẹ́ gbé báàgì aṣọ rẹ̀, mo ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e kọ́ èjìká. Ó ní, "Ọ̀gá, kò yẹ bẹ́ẹ̀." Mo ní kó máa lọ níwájú. Alhaji Fàtáì wà lẹ́nu géètì rẹ̀, ó wò mí, ó wo báàgì, ó sì ṣí fìlà fún Jímọ́ọ̀ kó tó ṣí i fún mi. Obìnrin tó ń ta káàdì fóònù kí i káàbọ̀, àwọn tó jókòó síwájú ilé kejì kí i, Jímọ́ọ̀ ń dúró, ó ń dá olúkúlùkù wọn lóhùn, ó ń béèrè ilé, ó ń béèrè ọmọ. Báàgì náà wúwo, èjìká ń dùn mí, inú mi sì dùn. Hidayat rọra ń wa ọkọ̀ bọ̀ lẹ́yìn wa, kò sì fọn fèrè rárá.